Ẹ Ṣírò Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Ẹ̀ka Òwò Yín Nílò Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún ẹni tó ní ẹ̀ka òwò ju ẹyọ kan lọ, tó kó gbogbo àkọsílẹ̀ owó àti ọjà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní olú ọ́fíìsì, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílùú mìíràn sì ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọnú kọ̀ǹpútà náà láti ṣiṣẹ́. Remote Desktop ni orúkọ tí iléeṣẹ́ Microsoft fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Bó bá ń lọ déédéé, ẹni tó jókòó l'Òṣogbo á máa kọ rìsíìtì bí ẹni pé iwájú kọ̀ǹpútà Ìbàdàn gan-an ló wà. Bí kò bá lọ déédéé, oníbàárà tó ti ka owó sílẹ̀ á dúró títí, á gba owó rẹ̀ padà, á sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń ṣe ni pé wọ́n á sáré lọ ra íntánẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó á lọ, ìdúró á sì wà níbẹ̀. Ìdí ni pé nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bí iṣẹ́ yìí ṣe máa yá tó: bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe ń yí padà tó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, bí ọ̀nà tó ń jáde láti olú ọ́fíìsì ṣe fẹ̀ tó, àti bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Íntánẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n ń tà fún yín sábà máa ń jẹ́ ti ohun tó ń wọlé sí olú ọ́fíìsì. Ìyẹn kò sí lára mẹ́ta tí a kà yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń rin ọ̀nà. Òṣogbo kọ́ ni iṣẹ́ gan-an ti ń wáyé. Kọ̀ǹpútà Ìbàdàn ló ń ṣírò, òun náà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, tí a óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ló ń lọ sí Òṣogbo. Bọ́tìnnì tí òṣìṣẹ́ tẹ̀ àti ibi tó gbé máòsì sí ló ń padà wá. Kì í sì í ṣe odidi àwòrán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, ibi tó bá yí padà nìkan ni. Bí òṣìṣẹ́ yín bá kọ 20 síbi tí wọ́n ń kọ iye àpò símẹ́ǹtì, ojú ibi kékeré yẹn ló máa yí. Bó bá ṣí ojú ewé tuntun, gbogbo rẹ̀ ló yí. Bó bá ń wo fídíò, á máa yí lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹni tó bá bi yín pé èèyàn mélòó ló máa lò ó, tí kò sì bi yín pé kí ni wọ́n máa fi ṣe, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ẹni tó ń lo Peachtree, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí Sage 50 báyìí, lè rò pé òun kúkú lè jẹ́ kí Òṣogbo ṣí fáìlì Ìbàdàn tààrà, láìgba inú Remote Desktop. Ẹ má dán an wò. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ láá máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ìlà bá sì já níbi tó ti ń kọ nǹkan lọ́wọ́, fáìlì lè bàjẹ́. Ní ti Remote Desktop, bí ìlà bá já tàbí tí iná lọ l'Òṣogbo, iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ n'Ìbàdàn bó ṣe fi í sílẹ̀. Bó bá padà wọlé, á bá a níbẹ̀. Kí inverter olú ọ́fíìsì ṣáà ti dára.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí nọ́ńbà. Bíìtì ni wọ́n fi ń wọn bí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn iye bíìtì tó lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹgbẹ̀rún bíìtì ni kílóbíìtì 1, ẹgbẹ̀rún kílóbíìtì sì ni mẹ́gábíìtì 1. Ẹ má fi bíìtì pe báìtì o. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì 1, báìtì ni wọ́n sì fi ń wọn fáìlì àti dátà tí ẹ ń rà. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí nìkan ti tó láti sọ ìṣirò èèyàn di ìlọ́po 8.

Microsoft ti tẹ iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà jáde, fún ẹni tó ń lo ojú kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ 1920 sí 1080. Ẹni tó wọlé tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan kò gbà ju 0.3 kílóbíìtì lọ. Ẹni tó ń kọ̀wé lórí Word ń gba 100 sí 150. Ẹni tó ń fi Excel ṣiṣẹ́ ń gba 150 sí 200. Títí débí, kílóbíìtì ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan yí padà: ẹni tó ń ṣí ojú ewé kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú Remote Desktop ń gba mẹ́gábíìtì 6 sí 6.5, ẹni tó ń wo fídíò tó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ń gba 7.5 sí 8.5. Ẹ wò ó dáadáa. Bí a bá fi mẹ́gábíìtì 8 fún ẹni tó ń wo fídíò, tí a sì fi kílóbíìtì 200 fún ẹni tó ń kọ ọjà sílẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tó ń wo eré bọ́ọ̀lù láti inú kọ̀ǹpútà Ìbàdàn ti jẹ oúnjẹ èèyàn 40.

Nọ́ńbà mìíràn tún wà tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé jáde tó máa ń da àwọn èèyàn rú. Wọ́n ní kí ọ̀nà ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lásán fẹ̀ tó mẹ́gábíìtì 1.5, kí ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wúwo díẹ̀ tó 3, kí ti ẹni tí tirẹ̀ wúwo tó 5, kí ti ẹni tó ń ya àwòrán ilé tàbí tó ń ṣe fídíò tó 15. Báwo ni ẹni tó ń jẹ kílóbíìtì 200 ṣe wá nílò 1,500? Kò ta kora. 200 ni ohun tó ń jẹ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́. 1,500 ni àyè tó fẹ́ nígbà tó bá ṣí ojú ewé tuntun tí gbogbo àwòrán sì yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó má baà máa wò ó bó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ṣe àpẹẹrẹ. Ìbàdàn ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Èèyàn 2 ló ń lo kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka Ọ̀yọ́, èèyàn 3 l'Òṣogbo, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì máa ń wọlé láti ibikíbi tó bá wà. Gbogbo wọn jẹ́ 6. Iṣẹ́ wọn jọ ti Excel: ìlà, àpótí àti nọ́ńbà. Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní kílóbíìtì 200, ó di 1,200, ìyẹn mẹ́gábíìtì 1.2. Láago mẹ́jọ àárọ̀ tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, ẹni méjì lè ṣí ojú ewé tuntun pọ̀, nítorí náà ẹ fi àyè 1.5 sílẹ̀ lọ́nà méjì, ìyẹn 3. Àpapọ̀ di 4.2. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e fún ẹrù tí VPN máa ń dì mọ́ ọn, ó di 4.62. Ẹ sọ ọ́ di 5.

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè sọ 1.5 di ìlọ́po 6, kó sì ra 9. Bí owó bá wà, kò burú. Èrò tèmi ni pé kí oníṣòwò kékeré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, kó wá wọn ohun tí wọ́n ń lò gan-an, kó tó fi owó kún un. Bí ẹ bá ṣe irú ìṣirò yìí fún Òṣogbo nìkan, èèyàn 3 jẹ́ 0.6, àyè ẹnì kan tó ń ṣí ojú ewé jẹ́ 1.5, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá, kò tó 2.4. Mẹ́gábíìtì 3 tó ń wọlé ti tó wọn.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ló kàn. Mẹ́gábíìtì 5 tí a ṣírò fún Ìbàdàn yẹn, ti ìjáde ni. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà àwọn ẹ̀ka ló ń jáde láti Ìbàdàn, ó sì ń wọlé sí Òṣogbo àti Ọ̀yọ́. Nọ́ńbà ńlá tó sì máa ń wà lára ìwé ìpolówó, ti ìwọlé ló sábà máa ń jẹ́. Pàápàá lórí módẹ́ẹ̀mù tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ìjáde sábà máa ń kéré sí ìwọlé dáadáa. Ẹ lè ra 20 kẹ́ ẹ sì máa rí 3 jáde. Bí ẹ bá ti ra 20 yẹn, tí iṣẹ́ kò yá, tí ẹ wá sọ ọ́ di 40, ó ṣeé ṣe kí 3 ọ̀hún ṣì jẹ́ 3. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò: ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n fi ń wọn íntánẹ́ẹ̀tì, Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, kì í ṣe ẹ̀ka, kẹ́ ẹ sì fi ojú fo nọ́ńbà àkọ́kọ́ lọ sí èkejì. Èkejì ni ìjáde. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lọ́sàn-án, ẹ wò ó nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tó ń bá yín du ìjáde yẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà tí ẹ gbé sí ṣọ́ọ̀bù wà lára wọn. Bí ọ̀gá bá ń fi fóònù wo kámẹ́rà kan tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ó lè gba mẹ́gábíìtì 2 sí 4, láti inú ìjáde olú ọ́fíìsì sì ni. Ọ̀gá tó ń wo kámẹ́rà méjì kó lè mọ ìdí tí iṣẹ́ ò fi yá l'Òṣogbo lè jẹ́ ìdí náà fúnra rẹ̀. Ìwé títẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí Òṣogbo bá ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn tẹ ìwé tó wúwo tó mẹ́gábáìtì 5, mẹ́gábíìtì 40 nìyẹn. Lórí ọ̀nà tó jẹ́ 5, ó máa gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 8, láàárín ìgbà yẹn gbogbo ojú kọ̀ǹpútà tó kù lè dúró gbagidi. Rìsíìtì tí kò ní ju ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lọ kì í wúwo rárá. Àmì ilé-iṣẹ́ aláràbarà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ di ẹrù. Ní ti àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń dà kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìpamọ́, ẹ ṣètò rẹ̀ sí òru.

Ká wá sórí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Bí ìjọba bá sọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn di ìlà mẹ́wàá, ọkọ̀ púpọ̀ á lè rìn lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ Ìbàdàn kò ní í tìtorí ìyẹn súnmọ́ Èkó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì rí. Bọ́tìnnì tí òṣìṣẹ́ tẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn, kí àwòrán tó padà wá fi ohun tó kọ hàn án. Àsìkò lílọ àti bíbọ̀ yẹn ni ìdádúró, mìlísẹ́kọ́ǹdì ni wọ́n fi ń kà á, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlànà Microsoft ni pé tí kò bá ju 150 lọ, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Láti 150 dé 200, ẹni tó ń kọ̀wé ṣì lè fara dà á. Bó bá ti kọjá 200, ojú kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tuurutu, bó bá sì ṣe mẹ́gábíìtì 100 ni ẹ rà, kò lè wo ìyẹn sàn.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt ní ẹ̀ka, ẹ kọ ping -n 100, ẹ wá kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà olú ọ́fíìsì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá yín to kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ ti gbà á láyè kó máa dáhùn. Á lọ á bọ̀ nígbà 100, á sì sọ fún yín bó ṣe pẹ́ tó, àti iye tó sọnù lójú ọ̀nà. Bí púpọ̀ bá ń sọnù, ìlà yẹn kò dára, ẹ pe ẹni tó tà á fún yín.

Ìdádúró yìí ni kò jẹ́ kí sátẹ́láìtì àtijọ́ bá irú iṣẹ́ yìí mu. 35,786 kìlómítà ló wà lókè, ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀, kí èsì náà tún gòkè kó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè fi ohun tó kéré sí bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá rìn ín. Sátẹ́láìtì Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà lóṣù January ọdún 2023, wà ní nǹkan bí 550 kìlómítà sílẹ̀, ìdádúró rẹ̀ kéré sí ìyẹn gan-an. Àmọ́ ìjáde tirẹ̀ náà kò tó ìwọlé, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà kejì.

Òṣogbo kò jìnnà sí Ìbàdàn lójú ọ̀nà mọ́tò, àmọ́ ọ̀rọ̀ lè kọ́kọ́ dé Èkó kó tó yà sí Òṣogbo, pàápàá bí ìlú méjèèjì bá ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò tó nǹkan. Kí wọ́n tó dá ibùdó pàṣípààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè yìí, IXPN, sílẹ̀ lọ́dún 2006, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ lè dé ìlú òyìnbó kó tó padà wálé. Ẹni tó ń rò ó pé òun yóò háyà kọ̀ǹpútà àgbà sí Lọ́ńdọ̀nù, tàbí ọ̀gá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ máa wọnú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Ìbàdàn, ni kó fojú sí èyí dáadáa. Wáyà MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Èkó dé Pọtogí gùn tó 7,000 kìlómítà. Lílọ àti bíbọ̀ lórí rẹ̀ nìkan ti tó nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ǹdì 70, kí á má tíì ka Pọtogí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣeé lò fún ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò. Àmọ́ kí gbogbo akáwó máa gba orí òkun kọ rìsíìtì símẹ́ǹtì, mi ò rí ọgbọ́n ńbẹ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù March ọdún 2024, wáyà mélòó kan bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Côte d'Ivoire, MainOne wà lára wọn, ó sì da íntánẹ́ẹ̀tì rú ní Nàìjíríà àti láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó sàn kí àkọsílẹ̀ yín wà nílé.

Dátà ńkọ́? Mẹ́gábíìtì 1 tó ń lọ fún wákàtí kan gbáko jẹ́ mẹ́gábáìtì 450. Ẹni tó ń jẹ kílóbíìtì 200 fún wákàtí 8 ti lo 720. Èèyàn mẹ́ta Òṣogbo á lo bí gígábáìtì 2.16 lóòjọ́, ìyẹn 56 fún ọjọ́ iṣẹ́ 26. Ohun tí wọ́n máa lò gan-an á kéré sí i, torí ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kò jẹ ohun kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀nà méjì lẹ ń san án: bí olú ọ́fíìsì náà bá ń ra dátà, gígábáìtì 56 yẹn á jáde lára tiwọn, ti Ọ̀yọ́ àti ti ọ̀gá náà á sì tẹ̀ lé e.

Títí di ìsinsìnyí, nọ́ńbà Microsoft la fi ń ṣírò. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ní kọ̀ǹpútà ẹ̀ka, ẹ tẹ resmon, kẹ́ ẹ ṣí apá Network, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ mstsc.exe sí. Ìyẹn ni Remote Desktop. Ẹ wo iye tó ń gbà wọlé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń ta ọjà lọ́wọ́. Báìtì ló fi ń kà á, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kásẹ̀ ìwé owó oṣù nílẹ̀, torí ọjọ́ yẹn kì í rí bíi ti ọjọ́ mìíràn.

Kẹ́ ẹ tó fi owó kún owó, ẹ dín ẹrù kù. Ẹ jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka jẹ́ 1024 sí 768 bí iṣẹ́ yín bá gbà á. Ẹ pa àwòrán ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, ẹ pa ohùn. Kí òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣí íntánẹ́ẹ̀tì lò ó lórí kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀, kó má gba ti Ìbàdàn ṣe é. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí nìkan lè gba yín lọ́wọ́ ìnáwó ọdún kan.

Ẹ má ṣí ojú ọ̀nà 3389 tí Remote Desktop ń lò sílẹ̀ gbayawu sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í yéé wá a kiri. Ọ̀nà àdáni tí wọ́n ń pè ní VPN ni kí ẹ̀ka máa gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí a fi fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé ìṣirò. Windows Pro tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò gbà ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn 6 yóò nílò Windows Server, pẹ̀lú ìwé àṣẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan tàbí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ètò ìnáwó yín.

Nígbà tí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í pé: mélòó ni ìjáde? Ṣé èmi nìkan ni mo ni ín, àbí èmi àti àdúgbò la jọ ń pín in? Ẹ ní kó kọ ìdáhùn sórí ìwé. Ẹ san ti oṣù kan ṣáájú kẹ́ ẹ tó san ti ọdún, kẹ́ ẹ sì fi oṣù kan yẹn wọn tiyín. Ká ní kílóbíìtì 120 lẹ bá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dípò 200, èèyàn 6 di 0.72, ẹ fi àyè 3 kún un àti ìdá kan nínú mẹ́wàá, kò pé 4.1. Mẹ́gábíìtì 5 tí ẹ rà á gba ẹni keje àti ẹni kẹjọ nígbà tí ẹ̀ka Ìwó bá ṣí.